Pọ́ǹpù Iwájú Ilé Bàbá Ọkọ Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ara mi ò balẹ̀ mọ́. Láti àárọ̀ ni mo ti ń jókòó tí mo tún ń dìde nínú yàrá wa ní Godomey. Pépà ńlá kan wà lórí tábìlì. Ọjọ́ Ajé ni wọn yóò gbà á lọ́wọ́ mi níbi iṣẹ́ ní Kútọnu, mi ò sì mọ ohun tí n ó yà sí i tí ilé mi kò fi ní dàrú.

Ayàwòrán ni mí níbi iṣẹ́ omi ìjọba, ẹnjiníà ni ọkọ mi níbẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ológun tí wọ́n ń pè ní Rẹfolúṣọ̀n ti dé ni wọ́n ti ń sọ pé kí gbogbo wa jọ ṣiṣẹ́ fún àwọn ará oko, pé kámárádì ni wá, pé ẹnì kan kò ga ju ẹnì kan lọ. Kámárádì kẹ̀? Ìgbà tí àwọn ẹnjiníà bá ri pọ́ǹpù mọ́lẹ̀ tán ni wọ́n ń rántí ayàwòrán, pé kó wá ya àwòrán ara ògiri tí yóò pe àwọn obìnrin wá síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní abúlé ọkọ mi, lọ́nà Kétu. Iwájú ilé bàbá rẹ̀ ló ri pọ́ǹpù sí, lábẹ́ igi tí àwọn àgbà ń jókòó sí, kó lè buyì kún bàbá. Bàbá súre títí. Ṣùgbọ́n odò ni àwọn ìyàwó ilé ṣì ń lọ, odò tó ń fún àwọn ọmọ ní inú rírun. Níbi iṣẹ́ wọ́n ní olóríkunkun ni àwọn obìnrin náà, kí n ya àwòrán tí yóò là wọ́n lójú.

Mo bi Adúkẹ́, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, tó lóyún, ìdí tí wọn kì í fi í pọn omi nídìí pọ́ǹpù. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyáalé mi, bí mo bá ń lọ, n ó kúnlẹ̀ kí àwọn bàbá. Bí mo bá ń bọ̀, n ó tún sọ garawa kalẹ̀, n ó kúnlẹ̀. Ẹ wo ikùn mi. Odò ò ní kí n kí òun." Ṣé èmi náà kì í yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé níbẹ̀?

Mo ní kí ọkọ mi gbé pọ́ǹpù náà lọ sẹ́yìn ilé. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ìyá Rẹ̀mí, kí n hú u níṣojú bàbá mi? Bí o bá sọ èyí níbi iṣẹ́, má padà sílé mi." Kò jẹ oúnjẹ mi mọ́ láti ìgbà náà. Lẹ́yìn èyí ni Adúkẹ́ yọ̀ ṣubú létí odò. Ọlọ́run ló ní kí oyún náà má bà jẹ́.

Obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín nídìí pọ́ǹpù ni wọ́n ní kí n yà. Ọwọ́ mi kọ̀. Lórí ìkúnlẹ̀ ni gbogbo obìnrin tí mo bá yà ń wà, pẹ̀lú garawa nílẹ̀ níwájú àwọn bàbá. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìyàwó ilé rí, ṣé kí n gbé àwòrán náà lọ síbi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Adúkẹ́ yóò tún lọ sódò lọ́la.