Ìyàwó Tó Fi Ẹja Sílẹ̀

Nínú ọkọ̀ ojú omi Ẹ̀pẹ́, kí òmìnira tó dé, ìyàwó kan tí ara ọmọ ọwọ́ rẹ̀ sú ń bá ìyá ọkọ rẹ̀, tó gbé ọmọ náà lọ́wọ́, sọ̀rọ̀ níwájú mi.

“Ìyá, mo rò pé ẹja tí mò ń jẹ ló ń ba ọmú mi jẹ́. Mo fi sílẹ̀, ẹ̀kọ àti iyọ̀ ni mò ń jẹ, síbẹ̀ ọmọ ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀.”

“O kàn gbẹ bí ẹja ṣáwá ni. Bí o bá lọ pọnmi, mo máa ń fún un ní omi ọbẹ̀ ẹja, kó lè mọ́ ọn lára. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ kì í kọ ẹja.”

Ìyàwó náà já ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá ọkọ tèmi, tó ń tọ́jú ọmọ mi bí mo bá lọ kọ́ni nílé ìwé, rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: “Ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀?”