Ibi Tí Ìwọ́ Ọmọ Mi Wà Ni Wọ́n Ní Ká Ti Lọ Gbafẹ́

Báàgì mẹ́rin ló wà lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ wa báyìí. Ti bàbá àwọn ọmọ ti kún, tàwọn ọmọ méjèèjì ti kún, tèmi nìkan ló ṣófo tó fara ti ògiri. Bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, màá rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí mo bá dé nírọ̀lẹ́, ó ṣì wà níbẹ̀ tó ń wò mí. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni ọkọ̀ ojú omi máa wá gbé wa lọ síbi ìgbafẹ́ kan tó wà lórí erékùṣù, a ò sì lọ fún irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí a ti ṣègbéyàwó. Ó yẹ kí inú mi máa dùn. Àmọ́ ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀yin èèyàn mi, kì í sì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń wò sàn. Ẹ bá mi jókòó díẹ̀, kí n rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀, torí gbogbo ẹni tí mo ti sọ ọ́ fún ló ti dá ẹjọ́ kí n tó rò ó dé ìdajì.

Ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún ni mí. Iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ló gbé mi wá sí Port Harcourt. Ọdún kan péré ni mo ní mo fẹ́ lò, àfi bí mo ṣe pàdé ọkọ mi nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Choba. Nígbà tí òun ríṣẹ́ sí èbúté Onne, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù àwọn ilé-iṣẹ́ epo, témi náà ríṣẹ́ sí báǹkì, a ṣègbéyàwó, a sì háyà yàrá méjì ní Abuloma, nínú ọgbà obìnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mama Boma. Ọmọ odò ni. Apẹja ni bàbá rẹ̀, apẹja ni bàbá bàbá rẹ̀, òun náà ló sì ń yan ẹja tí àwọn ará ilé rẹ̀ bá pa. Kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀. Bó bá fẹ́ràn rẹ, ńṣe ni yóò máa bú ọ. "Yoruba, you no sabi cook," bó ṣe máa ń kí mi láàárọ̀ nìyẹn, ọbẹ̀ tó ń bú náà ló sì máa wá bù jẹ bó bá di ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, Dárasími, ìyá mi ò lè wá. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá bàbá mi dùbúlẹ̀ nígbà náà, kò sì sẹ́ni tó lè fi í sílẹ̀ fún. Ìyá ọkọ mi ti kú kí n tó wọlé wọn. Ta ló wá dúró tì mí? Mama Boma ni. Òun ló ń fi omi gbígbóná tẹ ikùn mi títí màá fi ké, òun ló ń wẹ ọmọ, òun ló ń se omi ọbẹ̀ ata ẹja tútù tí á sì dúró lé mi lórí títí n ó fi mu ún tán. Nígbà tí ìwọ́ ọmọ já, mo fi òwú dì í, mo tọ́jú rẹ̀ pa mọ́. Nílé tiwa, ilẹ̀ bàbá ọmọ la máa ń sin ín sí. Ta ló máa sin ìwọ́ ọmọ sínú ọgbà tó háyà? Mo ní bó bá di Kérésìmesì a ó gbé e lọ sílé. Mama Boma rí i lọ́wọ́ mi, ó wò mí títí. "This pikin wey dem born for here, na for that far place im navel go dey? Who go know am for here?" Ó ní ọmọ tí ìwọ́ rẹ̀ ò bá sí nínú ilẹ̀ ibi tí wọ́n bí i sí, àlejò ni yóò máa jẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ara mi mókun díẹ̀, ó kó wa sínú ọkọ̀ ojú omi, èmi, ọkọ mi àti ọmọ ọwọ́, ó di abúlé bàbá rẹ̀ lórí erékùṣù. Ilé pákó, ilé páànù, àwọ̀n tí wọ́n sá sórí igi, èéfín ẹja níbi gbogbo. Ìyá rẹ̀ ti darúgbó gan-an, òun ló fi omi odò ra ọmọ mi lẹ́sẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ igi àgbọn kan lẹ́yìn ilé wọn, wọ́n sì sin ìwọ́ náà síbẹ̀. Mama Boma gbọn iyanrìn dànù lọ́wọ́, ó ní, "E don finish. Nobody fit call this one stranger again." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ìlú onílùú rí, ẹ ó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe fún mi. Mo sunkún títí a fi padà dé Abuloma.

Ìyá arúgbó yẹn kú lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìtòsí igi àgbọn náà ni wọ́n sin ín sí. Kò pẹ́ sí i ni àwọn kan dé, tí wọ́n ní ilẹ̀ náà kì í ṣe ti àwọn tó ń gbé orí rẹ̀, pé kí wọ́n kó kúrò. Àwọn ará abúlé rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, bí irú rẹ̀ ṣe máa ń wá tó máa ń lọ. Àfi bí wọ́n ṣe rí ọkọ̀ ńlá tó gbé katapílà bọ̀ lójú omi. Àwọn àbúrò Mama Boma kó páànù òrùlé wọn sínú ọkọ̀ wá sí Abuloma, tìyàwó tọmọ. Gbogbo ọgbà kún fún ẹrù tó tutù. Àwọn ọmọ wọn sùn sílẹ̀ pálọ̀ mi fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n sọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́ títí, ó sú wọn, kálukú wá ibi forí pamọ́ sí. Nígbà tó yá, ibi ìgbafẹ́ ló hù lórí ilẹ̀ yẹn: ilé kéékèèké funfun, odò ìlúwẹ̀ẹ́, àga onígi lójú iyanrìn. Ọkọ̀ tó ń kó àwọn àlejò wọn lọ máa ń gba ojú omi Abuloma kọjá, pẹ̀lú orin. Bí Mama Boma bá ti gbọ́ orin náà, á dìde, á yí àga rẹ̀ padà, á kọjú sí ògiri, á sì máa ṣa ẹja rẹ̀ lọ. Kò sọ̀rọ̀ kan lórí rẹ̀ rí. A ti kó lọ sílé tó tóbi jùyẹn lọ báyìí, ṣùgbọ́n bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ ìsinmi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la máa ń yà sí, mo sì ti rí àga yẹn tó yí padà títí ó fi mọ́ mi lára.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ti ọkọ mi, kí ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni. Ó ti ṣiṣẹ́ ní èbúté yẹn títí irun fi funfun lórí rẹ̀. Bó bá di December, ilé la máa ń lọ, bó bá sì délé, orí òrùlé bàbá rẹ̀ ló máa wà tó ń tún un ṣe, bó bá sọ̀ kalẹ̀, ẹjọ́ mọ̀lẹ́bí ló máa dá títí a fi padà. Dókítà ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, pé àfi kó sinmi. Nígbà tí wọ́n wá yàn án ní òṣìṣẹ́ tó dáa jù níbi iṣẹ́ wọn, ọ̀gá wọn pè é jáde lójú gbogbo èèyàn, wọ́n ní ẹ̀bùn rẹ̀ ni ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin fún òun, ìyàwó àti ọmọ méjì, láìsan kọ́bọ̀. Ó wọlé lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ọ̀yàyà tí n kò rí lára rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó dárúkọ ibẹ̀: ibi ìgbafẹ́ orí erékùṣù yẹn ni. Àwọn ọmọ fò sókè. Èmi nìkan ni mo jókòó.

Mo ní, "Bàbá Dára, ṣé ẹ mọ ibẹ̀?"

Ṣebí òun náà wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí a gbé ìwọ́ ọmọ lọ. "Mo mọ̀ ọ́n," ló wí. "Mo sì ti rò ó. Ìyá Dára, èbúté tí mo ti ń ṣiṣẹ́, oko ta ni tẹ́lẹ̀? Owó tí a fi ń san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ yìí, abẹ́ ilẹ̀ ta ni epo rẹ̀ ti jáde? A ti ń jẹ ẹ́ bọ̀ láti ọjọ́ yìí, ọkàn rẹ ò dá ọ lẹ́bi. Ọjọ́ mẹ́rin tí mo fẹ́ fi sinmi ló wá rí wí. Bí a ò bá lọ, ṣé wọ́n á tún ilé wọn kọ́?"

Òótọ́ ni. Bí a bá ní ká máa wádìí ilẹ̀ ní ìlú yìí, a ò ní ríbi fẹsẹ̀ tẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ rẹ̀ yẹn ò jẹ́ kí àga tó yí sí ògiri kúrò lójú mi. Láti ọjọ́ náà, ẹyẹ bà lókùn nínú ilé wa. Ara ò rọ okùn, ara ò rọ ẹyẹ. Mo ní kí n sọ ìtàn náà fún Dára, tó ti di ọ̀dọ́mọbìnrin báyìí, bóyá òun á bá mi dá sí i. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mummy, if na there my navel dey, why I no go go see am?"

Ibi tí mo wá ti ṣe àṣìṣe nìyí, àṣìṣe tó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n kọ́ mi ló tì mí sínú rẹ̀. Wọ́n tọ́ wa pé ẹnìkan kì í wọ ààyè ẹlòmíràn láìkọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ àgbà. Mo ní tí mo bá lọ kúnlẹ̀ fún Mama Boma, ohun tó bá ti sọ, abẹ ge é. Bí a ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo dá lọ. Mo bá a nídìí ẹja, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò gbójú sókè. Mo tún wá ní kó gba àyè tèmi, kó tẹ̀ lé ọkọ mi àtàwọn ọmọ, pé á lè rí ojú oórì ìyá rẹ̀. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wò mí.

"Make I carry bag go lodge for my papa compound?" ló wí. "Make dem give me key?"

Mo bi í bóyá ká má lọ ni.

"Wetin you dey ask me? Na me get am now?" Ó padà sídìí ẹja rẹ̀. "Go. Carry your children go."

Ẹ̀yin náà mọ irú "ẹ máa lọ" bẹ́ẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mo ṣe. Bó bá ní ká má lọ, òun ló fi ìsinmi du ọkọ mi àtàwọn ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀. Bó bá sì ní ká lọ, ẹnu ara rẹ̀ ló fi yọ̀ǹda ohun tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹrù tí n kò lè rù ni mo gbé ka orí ẹni tí ọrùn ti ń dùn, mo tún pè é ní ọ̀wọ̀. Ojú tì mí. Ó ṣì ń tì mí báyìí.

Mo rò pé kò tún ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Àfi lánàá, tí kẹ̀kẹ́ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, tí Mama Boma sọ̀ kalẹ̀, òun tí orúnkún kì í jẹ́ kó rìn jìnnà. Ó gbé fìlà koríko kan dání, èyí tó ní etí fífẹ̀. Ó kọjá lára àwọn báàgì, ó pe Dára, ó dé e sí i lórí, ó fọwọ́ tún un ṣe títí ó fi jókòó dáadáa. "Sun strong for that side," ló sọ fún un. "Before, coconut dey give shade. I no know whether dem leave am." Dára dúpẹ́. Obìnrin náà fọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́. "If you enter water, no fear. That water sabi you." Mo fún un lómi, kò mu. Ó ní kẹ̀kẹ́ ń dúró de òun.

Bó bá jẹ́ pé ó bú mi ni, ǹ bá mọ ohun tí n ó ṣe. Wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, a di odidi. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti àná, kò tíì di odidi. Ṣé ó fẹ́ kí ẹnì kan nínú wa bá òun lọ wo igi àgbọn yẹn ni? Àbí ó ń fi hàn mí bí àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe máa ń gbàlejò, kí n lè mọ ohun tí wọ́n lé kúrò níbẹ̀? Bí mi ò bá lọ, inú ọkọ mi ò ní dùn sí mi fún ìgbà pípẹ́, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí i. Bí mo bá lọ, báwo ni n ó ṣe yà lọ́dọ̀ Mama Boma lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé?

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n jù mí lọ. Ẹ má ní kí n gbàdúrà. Mo ti gbà á. Dára ti so fìlà náà mọ́ báàgì rẹ̀. Èmi ní ilé bàbá ní Ìlá, kò sí ọjọ́ tí mo débẹ̀ tí mo tọrọ kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹnì kan máa dúró lẹ́yìn tábìlì pẹ̀lú ẹ̀rín, á kí wa káàbọ̀, á sì na kọ́kọ́rọ́ ilé bàbá Mama Boma sí mi. Ṣé kí n nawọ́ gbà á?