Omi Ìwẹ̀ Ìrọ̀lẹ́ Ọjà

Nígbà tí mi ò tíì dàgbà tó ẹ, Ṣadé, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi níyàwó wá sínú ilé yìí... Jókòó. Mo ní kó o jókòó. Mọ́tò tí ìyá ẹ rán wá pé kó gbé mi lọ sí Kútọnu, jẹ́ kó dúró níta. Ẹsẹ̀ ò lè ro mọ́tò. Fi fóònù ẹ gba ohùn mi sílẹ̀, kí Bọ́sẹ̀ ìyá ẹ fi etí ara ẹ̀ gbọ́ ọ. Mi ò lọ. Ṣé ó ti gbà á? Ó dáa.

Ẹ̀bá odò ni wọ́n bí mi sí. Lọ́dọ̀ wa, bó o bá fẹ́ wẹ̀, o bọ́ sódò, ó parí. Ta ló sọ fún mi pé àwọn ará òkè Kétu ò lódò? Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Omi òjò ni wọ́n ń gbà sínú àmù lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, tí wọ́n á dé e, tí wọ́n á máa ṣọ́ ọ bí ọmọ ìkókó. Tó bá tán, kí àkùkọ tó kọ la ti ń rìn lọ sí àbàtà, oòrùn á ti mú ká tó dé. Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n. Póńpù ti wà lójúde báyìí, bídóònù lẹ fi ń gbé omi, lórí ọ̀kadà zẹ́mì!

Ọjọ́ kẹta tí mo dé, ooru mú, ìyá ọkọ mi wà lóko. Èmi ìyàwó, mo ṣí àmù ńlá, mo wẹ̀... hàà! Mo dà á sórí, mo dà á sẹ́yìn, mo tún ń kọrin. Àmù gbẹ. Omi tí gbogbo ilé fẹ́ máa mu títí òjò yóò fi rọ̀ o!

Ìyá dé, ó wo inú àmù, ó wò mí. Ara mi ń dán. Kò pariwo. Ó ní, "Ìyàwó, o ti fi omi ẹnu wa wẹ̀ tán." Ojú tì mí! Láti ọjọ́ náà, èmi nìkan ló ń lọ sí àbàtà fún gbogbo ilé. Àárọ̀ kan, àárọ̀ kejì... ọrùn mi fẹ́ẹ̀ kán. Mò ń sunkún lọ, mò ń sunkún bọ̀. Mo ní bí ọjà bá ti kọjá, màá sá padà sílé bàbá mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà, ìyá pè mí sẹ́yìnkùlé. Mo rí igbá ńlá kan, omi kún un dẹ́nu, ewé ẹfinrin wà lójú ẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ yòókù, ti oko ni, ti ọkọ ni, ti ọmọ ni. Ìrọ̀lẹ́ ọjà, tìẹ ni. Bí ọba bá pè ọ́, sọ pé ò ń wẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo obìnrin ilé yìí ń ṣe lọ́rọọrún, ìgbà tí ọjà bá ti pé. Igbá kan fún ẹnì kan. Mo wẹ̀. Mò ń dà á díẹ̀díẹ̀. Ṣadé, mo gbádùn igbá kan yẹn ju odò bàbá mi lọ! Mi ò sá mọ́.

Bàbá yín àgbà pè mí lọ́jọ́ kan, "Ebi ń pa mí o!" Mo ní, "Mò ń wẹ̀!" Ó pè, ó pè... Ó lọ rẹ gààrí.

Ṣé ìyá ẹ ò ní balùwẹ̀? Ó ní. Mo lo ọ̀sẹ̀ kan nílé ẹ̀ ní Kútọnu. Robinẹ́ẹ̀ wà lára ògiri, bó o bá yí i, omi á máa dà yàà. Mò ń wẹ̀ láàárọ̀, mò ń wẹ̀ lálẹ́, kò sí èyí tí mo rántí níbẹ̀. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, wọ́n á tan tẹlẹ fún mi, tẹlifíṣọ̀n wọn yẹn. Ṣé tẹlẹ ló máa bá mi jiyàn? Níbí, bí mo bá yan gààrí, màá bu èyí tó gbóná sẹ́nu. Màá sun àgbàdo níwájú ilé, kí èmi àti aládùúgbò máa fi àwọn tó ń kọjá ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà wo ni mo wá ráyè Kútọnu?

Wọ́n ní mo ṣubú. Ta ni kì í ṣubú? Ilẹ̀ yọ̀, mo ṣubú, mo dìde. Wọ́n ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Èmi tí mo ti toko dé, oko wo lẹ tún fẹ́ gbé mi lọ?

Gbé fóònù yẹn súnmọ́ mi... Bọ́sẹ̀. Ẹ̀rù ń bà ọ́, mo mọ̀. Àárò ẹ ń sọ èmi náà, mi ò ní purọ́. Àwọn tá a jọ ń wẹ̀ ti lọ tán, ó ku èmi. Ayé ìsinsìnyí, mọ́tò lẹ máa ń rán wá. Ọwọ́ mi ò dé àárín ẹ̀yìn mi mọ́, Bọ́sẹ̀. Jẹ́ kí mọ́tò yẹn gbé ìwọ bọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjà. Wá fọ ẹ̀yìn ìyá ẹ.