Wọ́n Kí Mi Káàbọ̀ Sílé Mi

Ṣé Ẹ̀pẹ́ ti ń mọ́ mi lára? Èmi? Ìbíjọkẹ́, èmi Mùnírátù, ìyá Rídwàn, èmi lo dúró tì níwájú ààrò ẹja mi tí o ń bi pé ṣé Ẹ̀pẹ́ ti ń mọ́ mi lára? Súbúhánàlláhì! Tún un bi mí, ọmọ mi, kí n gbọ́ ọ dáadáa, bóyá èéfín ló dí mi létí.

Rárá, má kúnlẹ̀. Mo ní kí o má kúnlẹ̀! Ọjọ́ tí o kúnlẹ̀ fún mi kẹ́yìn ni gbogbo wàhálà yìí bẹ̀rẹ̀. Fa àpótí yẹn, jókòó, kí o sì gbé fóònù yẹn sínú báàgì rẹ, mi ò ya fọ́tò lónìí. Èyí tí o yà mí níjọ́sí ò tíì tán nílẹ̀.

O ò mọ ohun tí o ṣe? Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Ká ní o mọ̀ ni, ǹ bá ti ṣépè fún ọ, ǹ bá sì ti gbàgbé, kí n máa bá ẹja mi lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ dáadáa ni ọ́. Ta ni kí n wá bá jà báyìí?

Ìwọ, akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ Ìsẹ́yìn, tí ilé-ìwé ní kó lọ kọ́ṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìkòròdú. Wọ́n fi ọ́ síbi tí wọ́n ti ń ran àwọn àjèjì lọ́wọ́, àwọn tó ti Tógò wá, tó ti Kútọnu wá, tó ti Nìjẹ́ wá, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ òòjọ́ wọn lọ́dọ̀ wa níbí. Iṣẹ́ tó dáa ni, mi ò bá iṣẹ́ jà. Ṣebí ìwọ náà lo bá Kòmí, ọmọ Tógò tó ń wa ọkọ̀ ẹja, wá ilé ìwòsàn tó gba ìyàwó rẹ̀ láti bímọ, tí o jókòó tì wọ́n títí ọmọ fi ké. Mo rí i. Mo ṣàdúà fún ọ lọ́jọ́ náà, mo sì di ẹja àrọ̀ fún ọ, o ní ìjọba ò gbà yín láyè láti gba nǹkan lọ́wọ́ ará ìlú, o sì gbà á.

Ta ló ń túmọ̀ fún ọ nígbà náà? Èmi ni. Kòmí á sọ tirẹ̀ lédè wọn, màá sọ ọ́ fún ọ ní Yorùbá, ìwọ náà á sọ tìrẹ, màá dá a padà fún un. Èdè ìyá mi ni. Tógò ni ìyá mi àti bàbá mi ti wá, bàbá mi ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi, mi ò fi pamọ́ rí, gbogbo Ọjà Olúwo ló mọ̀. Ṣùgbọ́n Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí o! Ìwọ́ mi wà nínú ilẹ̀ lẹ́yìn ilé wa, alùfáà Ẹ̀pẹ́ ló sọ mí ní Mùnírátù, ọkùnrin Ẹ̀pẹ́ ló fẹ́ mi, ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ ni bàbá mi àti ìyá mi sùn sí. Èmi ò dé Tógò rí. Mi ò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n padà sílé mi báyìí, iwájú yìí ni màá gbà, màá yà sọ́wọ́ òsì níbi mọ́ṣáláṣí, màá wọlé, ó parí.

Ìgbà tí o wá sọ pé ìjọba fẹ́ ṣe ọjọ́ kan fún àwọn àlejò, kí wọ́n lè mọ̀ pé a fẹ́ràn wọn, kí ni mo wí? Mo ní ó dáa. O ní ṣé màá ràn ọ́ lọ́wọ́, mo ní kí ló dé tí mi ò ní ràn ọ́ lọ́wọ́. Ta ló lọ yá bẹ́ǹṣì? Ta ló gbálẹ̀? Ta ló lọ bá Kòmí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tó fi Ọlọ́run búra fún wọn pé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ wá kó wọn? Ta ló rin ewùrà títí ọwọ́ fi bó, tó se ìkọ́kọrẹ́ ìkòkò ńlá? Èmi ni. Gbogbo rẹ̀, èmi yìí ni. Onílé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, Ìbíjọkẹ́. Ó yẹ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀, Ìsẹ́yìn kì í ṣe òkè òkun.

Ilẹ̀ mọ́. Ọ̀gá rẹ dé, ó pẹ́, kò kí ẹnikẹ́ni, ó ń wá ibi tí òòrùn ò ti ní pa á. Ẹ kó tíṣáàtì jáde. O mú ọ̀kan fún mi, o ní, "Mà, tiyín rèé." Mo rò pé tàwọn òṣìṣẹ́ ni! Inú mi dùn, mo wọ̀ ọ́ lé bùbá mi lórí. Iwájú rẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju àmì ìjọba lọ. Ẹ̀yìn ni wọ́n kọ̀wé sí. Ta ló ń rí ẹ̀yìn ara rẹ̀, kí o sọ fún mi? "Àlejò Wa Ọ̀wọ́n, Ẹ Káàbọ̀." Lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà, ẹni tó wà lójú omi á kà á.

O wá dì mí lọ́wọ́ mú, o fi mí jókòó láàárín, lórí àga oníke aláwọ̀ búlúù yẹn, Kòmí lọ́tùn-ún, ọmọ Nìjẹ́ kan tó ń ti ọmọlanke omi lósì. Mo ní bóyá kí n lè máa túmọ̀ fún wọn ni. O gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. O kúnlẹ̀. O ní, "Mà, ẹ káàbọ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ máa rò ó pé ilé yín nìbí." Ìwọ, tó jẹ́ pé láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, awakọ̀ já ọ sílẹ̀ ní Ìtóìkín lójú ọ̀nà, tí o pè mí lórí fóònù pé, "Mà, apá ibo ni Ẹ̀pẹ́ wà?" Ìwọ ará òkè yìí náà lo kí mi káàbọ̀. Mo wẹ̀yìn. Wallahi, mo wẹ̀yìn, mo rò pé ẹnìkan ló dúró sẹ́yìn mi.

Ẹ gbé oúnjẹ dé. O gbé abọ́ kan síwájú mi, o tún kúnlẹ̀, o ní, "Mà, oúnjẹ àwọn ará ibí nìyí. Ìkọ́kọrẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ẹ tọ́ ọ wò, kò ta púpọ̀." Ìkọ́kọrẹ́ mi! Abọ́ mi! Ṣíbí mi, tí mo fi ìṣó ṣàmì sí lára! O wá dúró tì mí kí n tọ́ ọ wò. Kí ni kí n ṣe? Mo tọ́ ọ wò. O ní, "Ṣé ó dùn, mà?" Mo ní ó dùn. Kí ni kí n sọ? Ó dùn lóòótọ́.

Dúró ná, jẹ́ kí n yí ẹja yìí padà kó má jó. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ti ń dúdú, ìwọ náà lo fà á.

Ẹ túká. Mo gba àárín ọjà kọjá lọ sílé, tíṣáàtì ṣì wà lára mi. Obìnrin tó ń ta epìyà ní, "Ìyá Rídwàn, ẹ káàbọ̀ o." Mo ní ẹ ṣé o. Alákàn ní, "Ẹ káàbọ̀ o, mà." Mo ní o ṣé, ọmọ mi. Ìsọ̀ tí mo bá ti kọjá, ẹ káàbọ̀, ẹ káàbọ̀, mo ń dáhùn, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ní inú ọjà mà dùn sí mi lónìí. Ó di ìgbà tí mo délé tí Rídwàn rí ẹ̀yìn mi. Ó kàn ń nàka.

Bó bá mọ síbẹ̀, ǹ bá fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò mọ síbẹ̀. Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ, torí pé ọ̀rọ̀ àwa tó ń yan ẹja ni. Ìyá ẹgbẹ́ wa kú lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ní èmi ló kàn, gbogbo wọn ló fọwọ́ sí i, wọ́n ti dá ọjọ́ ìwúyè sí Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí, lẹ́yìn ìrun. Mo ti ra láwàní. Kò sí owó kankan nídìí ẹ̀ o. Àmọ́ ìyá ẹgbẹ́ ló máa ń dúró létí omi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ẹja bá ń gúnlẹ̀, òun ló máa ń kọ́kọ́ kí wọn káàbọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ná ẹja. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé tí mo ń ru igi ìdáná tẹ̀lé ìyá mi, ìyá tó ń dúró síbẹ̀ yẹn ni mo máa ń wò ṣáá. Ó wù mí, Ìbíjọkẹ́. Mi ò sọ fún ẹ̀dá kankan rí pé ó wù mí.

Kúlúsúmù, tí a jọ ń yan ẹja nínú ẹgbẹ́, ó wu òun náà. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ohun tó máa sọ nípa mi, kò rí i, ìwọ lo bá a wá a rí. Fọ́tò tí o yà, tí mo wà lórí àga tí o wà lórí eékún, òun ló gbé e sórí wásáàpù ẹgbẹ́, tó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ̀yin ìyá mi, ṣé àlejò la fẹ́ fi ṣe ìyá ẹgbẹ́ ni? Ìjọba gan-an ti ní àlejò ni." Ìjọba gan-an! Ìwọ ni ìjọba tó ń wí! Ìwọ tó jẹ́ pé bí ilé-ìwé bá wọlé, o máa padà lọ kọ ìdánwò.

Kúlúsúmù tó jẹ́ Èkó Ẹ̀pẹ́! Àwọn bàbá ńlá tirẹ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n hù níbí ni? Ṣebí ọba ni wọ́n bá sá kúrò l'Ékòó láyé ijọ́un, tí wọ́n wọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n wá gúnlẹ̀ síbí. Gbogbo wa la mọ̀. Ọkọ̀ tiwọn ló kàn kọ́kọ́ dé, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò sọ ọ́ lójú rẹ̀ rí, mi ò sì ní sọ ọ́. Mo kàn ń sọ ọ́ fún ìwọ ni.

Wọ́n ní ká dá ìwúyè dúró ná. Wọ́n ní ní Jímọ̀ yẹn, àwọn máa jókòó lé ọ̀rọ̀ mi lórí. Lánàá, obìnrin kan dé ibí, èmi ni mo gba ẹ̀bí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ o, ó ń bá mi sọ Yorùbá díẹ̀díẹ̀, ó ń fọwọ́ ṣàpèjúwe, kí n lè gbọ́.

Ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an ni. Látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò sẹ́ni tó kí mi káàbọ̀ sí Ẹ̀pẹ́ rí, àfi tí mo bá lọ Ìkòròdú tí mo padà, tàbí ìgbà tí mo lọ wẹ ọmọ fún àbúrò Rídwàn n'Íbàdàn. Èmi ò tiẹ̀ ronú sí i rí. Àmọ́ látìgbà tí o ti kí mi yìí, màá jókòó sínú ilé tí ọkọ mi kọ́ kó tó kú, màá máa wo ògiri, màá máa bi ara mi pé àbí lóòótọ́ ni mò ń bọ̀ láti ibì kan?

Kí lo wí? Kí ọ̀gá rẹ kọ̀wé pé àṣìṣe ni? Má dán an wò! Ìjọba tó kọ̀wé sí mi lẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́, kó má tún kọ òmíràn sí mi níwájú. Gbọ́ ohun tí mo fẹ́.

Ní Jímọ̀, o máa wá. Má wọ nǹkan ìjọba kankan, wọ ìró àti bùbá tí ìyá rẹ rà fún ọ. Àga búlúù yẹn wà lẹ́yìn ilé mi, mi ò dá a padà, kò sì sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ tó máa wá gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n á gbé e sáàárín ẹgbẹ́, ìwọ lo máa jókòó sórí rẹ̀. Màá se ìkọ́kọrẹ́. Màá gbé e síwájú rẹ, màá ní, ìkọ́kọrẹ́ ni à ń pè é níbí. O máa ní, "Háà, ṣé bẹ́ẹ̀ ni, mà?" Sọ ọ́ sókè o, Kúlúsúmù kì í gbọ́ ohun tí kò bá wù ú. O máa tọ́ ọ wò, màá bi ọ́ pé ṣé ó dùn, kí o dáhùn dáadáa. Lẹ́yìn náà ni èmi Mùnírátù, ọmọ agbẹ́kọ̀, á wá nàró níwájú gbogbo wọn, màá ní, Ìbíjọkẹ́, ọmọ Ìsẹ́yìn, káàbọ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Ṣebí ẹni tó wà nílé ló ń kíni káàbọ̀? Kí wọ́n wá sọ èwo nínú àwa méjèèjì ni àlejò!

Kí ló dé? Èéfín ni? Ṣún sọ́hùn-ún díẹ̀.

Kì í ṣe èéfín. Kí ló wá dé? Ta ni ò kí ọ? Ní Lásunwọ̀n n'Íkòròdú, níbi tí o gba yàrá sí? Ẹnikẹ́ni? O ti Ìsẹ́yìn dé, o sọ ẹrù kalẹ̀, onílé fún ọ ní kọ́kọ́rọ́, ó ní o ò gbọdọ̀ fọṣọ lójú ọ̀nà, ó tán? Wọ́n ń pè ọ́ ní ará òkè? Ó dáa, èmi náà pè ọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ìwọ lo wá ń kí gbogbo ayé káàbọ̀ káàkiri, tí ẹyọ ẹnìkan ò kí ọ. Háà. Ìjọba yìí náà kò tiẹ̀ bi ọ́ pé ṣé Ìkòròdú ti ń mọ́ ọ lára?

Nu ojú. Mi ò tíì bínú tán o, má fi ẹkún tàn mí. Gba ẹja yìí, èyí tó jó yẹn, ìwọ lo ni ín.

Má jẹun wá o, ìkọ́kọrẹ́ ọjọ́ náà kì í ṣe ti fọ́tò nìkan. Bó bá sì kan fọ́tò, gbé fóònù rẹ fún Kòmí kó yà á, èmi lórí ìdúró, ìwọ lórí àga. Kó yà á dáadáa. Kó rí i dájú pé ojú Kúlúsúmù hàn nínú rẹ̀.