Àdín Ọmọ Tuntun Lára Kàmíọ̀

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa kí n tó sọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ará, nítorí tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹ̀rín ni ẹ ó máa rín, ẹ ó sì gbàgbé ọpẹ́. O ṣeun, Bàbá! O ṣeun tí ẹsẹ̀ mi yìí ṣì gbé mi dé iwájú ìjọ.

Ọ̀rọ̀ èkúté ni mo fẹ́ sọ. Bẹ́ẹ̀ ni, èkúté! Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Èkúté ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu mi.

Nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń jọba lé wa lórí, èmi ni mò ń wa kàmíọ̀, ìyẹn ọkọ̀ akẹ́rù, fún Bàbá Ràímì, oníṣòwò mùsùlùmí kan ní Sakété. Èkùrọ́ là ń kó láti abúlé dé abúlé lọ sí Pobè, kí ọkọ̀ ojú irin lè gbé e lọ sí Àjàṣẹ́. Háà, ayé ìgbà yẹn! Tí mo bá ti fun fèrè ọkọ̀ ní Aguidi, abúlé wa, àwọn ewúrẹ́ á sá, àwọn ọmọdé á máa sáré nínú eruku mi, àwọn omidan á sì tún gèlè wé. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yẹn, ẹ lọ bi àwọn ìyá yín!

Mo fẹ́ràn kàmíọ̀ náà ju ara mi lọ. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí kí irin rẹ̀ má lọ dípẹtà. Mo bá ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Aguidi pé kí wọ́n máa fi ìgò àdín kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àdín èkùrọ́ ni wọ́n ń sè tà, kò sì sí tẹni tó dà bíi tiwọn. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń ṣí kapó, ìyẹn ìdérí ẹ̀rọ, tí mo ń fi àdín pa irin, pa wáyà, títí gbogbo rẹ̀ á fi máa dán. Tí mo bá pa á tán, mà á dé kapó, mà á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àká èkùrọ́ ọ̀gá mi, inú mi á dùn.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ ọjà Pobè kan, mo fi irin tí a fi ń ṣíná ọkọ̀ yí ẹ̀rọ títí apá fi ń ro mí, kàmíọ̀ kò dún. Mo ṣí kapó. Èkúté ti gé wáyà jálajàla, ó ti kọ́lé, ó ti bímọ sí i! Mo tún un ṣe. Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, bákan náà ló rí. Ọkọ̀ ojú irin lọ, èkùrọ́ wa wà nílẹ̀. Bàbá Ràímì kò pariwo, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù. Wọ́n ní, "Àjàní, tó bá tún dá dúró lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, mà á gbé e fún ẹlòmíràn. Má bínú."

Mo gbé! Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo wà lórí eékún, mò ń lé èkúté jáde ní orúkọ Jésù. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ o: tí mo bá ti ṣe àmín tán, ìgò àdín ni mo tún ń gbé, mo rò pé wáyà tó gbẹ ló ń wu èkúté. Nígbà tó yá, mo ní, "Olúwa, ọgbọ́n mi tán. Rán ẹnìkan sí mi."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta yẹn, ta ni mo rí lẹ́nu ọ̀nà? Ìyá mi, tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn láti Aguidi, tí wọ́n ru agbọ̀n. Wọn kò tíì jókòó tí wọ́n ti ń wo gbogbo kọ̀rọ̀ ilé.

"Àjàní, ọmọ náà ńkọ́?"

"Ọmọ wo, Ìyá mi?"

"Má purọ́ fún mi! Ìgò àdín mẹ́rin lóṣù kan? Ta ló ń lò tó bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ẹni tó ní ọmọ tuntun? O lọ fún ọmọ olọ́mọ lóyún, o fi pamọ́ fún mi. Mi ò bá ọ jà. Gbé e wá kí n rí i."

Wọ́n tú agbọ̀n. Ọṣẹ dúdú wà níbẹ̀, ata gbígbẹ wà níbẹ̀, àti aṣọ kíjìpá tí wọ́n fọwọ́ ara wọn hun, irú èyí tí a fi ń gba ọmọ tuntun.

Ojú tì mí. Mo mú wọn lọ sídìí kàmíọ̀, mo ṣí kapó. Wọ́n wo ẹ̀rọ, wọ́n wò mí. Wọ́n fọwọ́ kan wáyà, wọ́n gbóòórùn àdín tiwọn. Ẹ̀yin ará, ìyá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀! "Ọmọ-ọmọ mi rèé! Ọmọ onírin!" Nígbà tí ẹ̀rín tán, wọ́n ní, "Àjàní, oúnjẹ èkúté lo fi ń pa á lára. Ẹni tó fi àdín pa ọmọ, ẹ̀yìn ló ń pọ̀n ọ́n sí. Ìwọ pa tìrẹ tán, o gbé e fún èkúté."

Ìyá mi kò wọ ilé ìjọsìn rí títí wọ́n fi kú, òrìṣà ilé bàbá wọn ni wọ́n ń sìn. Síbẹ̀ àwọn ni Ọlọ́run rán sí mi. A fi ọṣẹ àti eérú nu àdín kúrò pátápátá. Bí wọ́n ti ń tọ́jú àká àgbàdo lóko ni wọ́n ṣe tọ́jú kàmíọ̀: a tì í kúrò nídìí àká èkùrọ́, a ro gbogbo àyíká rẹ̀ mọ́lẹ̀, a fi èéfín ata gbígbẹ fín abẹ́ rẹ̀, a sì ń ṣí kapó sílẹ̀ fún oòrùn lójoojúmọ́. Wọ́n ní èkúté kì í fẹ́ gba ibi tí àṣá ti lè rí i.

Lọ́jọ́ ọjà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo yí i. Gbùrùrù! Ìyá mi jókòó níwájú pẹ̀lú mi dé Pobè, wọ́n ń juwọ́ sí gbogbo ayé bí ẹni tó ra ọkọ̀. Èkùrọ́ wa bá ọkọ̀ ojú irin, Bàbá Ràímì kò sì gba kàmíọ̀ náà lọ́wọ́ mi mọ́.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, mo dá aṣọ náà padà fún wọn. Wọ́n kọ̀. "Tọ́jú rẹ̀. Ọmọ gidi ń bọ̀."

Wọn kò rí i. Wọ́n ti kú kí n tó bí ọmọbìnrin mi, aṣọ yẹn la sì fi gbà á. Ọmọ tí ọmọbìnrin mi gbé wá sí iwájú Olúwa láàárọ̀ yìí, ẹ wo ohun tí wọ́n fi pọ̀n ọ́n. Kíjìpá yẹn ni. Wọ́n fi àdín pa á lára kí a tó jáde nílé, mo gbóòórùn rẹ̀, omi bọ́ lójú mi.

Ẹ dìde, ẹ bá mi jó, ẹ bá mi fògo fún Ọlọ́run! Ìyá mi, ẹ wò ó: ọmọ tí ẹ béèrè nìyí o.