Bíréèkì Tó Dákẹ́

Ẹni tó pè: Bùsúyì, mẹkáníìkì, ní Àgọ́-Ìwòyè.
Ẹni tó gbé e: Abigail, ìyá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní Ibiade.
Aago méje àárọ̀ kọjá díẹ̀.

BÙSÚYÌ: Hẹ́lò? Màmá, ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé dáadáa lẹ jí?

ABIGAIL: A dúpẹ́. Àwọn ọmọ ńkọ́?

BÙSÚYÌ: Wọ́n wà dáadáa, mà. Please, Màmá, nípa ti òní yẹn—

ABIGAIL: O ò lè wá.

BÙSÚYÌ: Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹ́ńjìnnì kan ni mo tú sílẹ̀ látàná, ẹni tó ni ín sì ti—

ABIGAIL: Kò burú.

BÙSÚYÌ: Ẹ má bínú, mà. Tó bá di ọ̀la—

ABIGAIL: Mi ò bínú. Ó ti rẹ̀ mí kọjá ìbínú. Mo ti pààrọ̀ páàdì bíréèkì ọkọ̀ náà fúnra mi.

[Sípánà bọ́ lulẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè.]

BÙSÚYÌ: Ta ló pààrọ̀ kí ni?

ABIGAIL: Èmi ni. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ọkọ̀ ń ké bí ewúrẹ́ tí òjò ká mọ́ ìta, gbogbo àdúgbò ló ń yọjú wò mí.

BÙSÚYÌ: Màmá! Báwo lẹ ṣe—

ABIGAIL: Bí mo ṣe máa ń rí i tí bàbá yín ń ṣe é. Mo fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn. Mo dẹ nọ́ọ̀tì táyà iwájú kí n tó gbé jáàkì sí i, mo sì yọ táyà náà. Mo tú kálípà tó di páàdì mú, mo fi okùn so ó kọ́ kó má baà fa páìpù ọ́ìlì. Ṣé o gbọ́ mi?

BÙSÚYÌ: Mò ń gbọ́ yín, mà. Ṣé ẹ ti pístìnnì inú kálípà padà sínú?

ABIGAIL: Mo fi kílámpù káfíńtà tì í, díẹ̀díẹ̀. Tọ̀tún tòsì. Lẹ́yìn náà mo tẹ pẹ́dà bíréèkì léraléra títí ó fi le.

BÙSÚYÌ: Ah, ẹ gbìyànjú. Páàdì àtijọ́ ńkọ́?

ABIGAIL: Ó ti jẹ tán. Irin lásán ló kù.

BÙSÚYÌ: Jésù! Dísìkì tí páàdì ń gbá mú ńkọ́? Ṣé ojú ẹ̀ ń dán, àbí—

ABIGAIL: Ó nílà yíká bí àwo orin àtijọ́.

BÙSÚYÌ: Irin ti ha á nìyẹn. Páàdì tuntun náà á máa ké lórí ẹ̀.

ABIGAIL: Ó kọ́kọ́ ké lóòótọ́. Ó ti dákẹ́ báyìí.

BÙSÚYÌ: Báwo ló ṣe dákẹ́? Màmá? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Nẹ́tíwọ̀kì ń hó bí omi gbígbóná.]

ABIGAIL: ...sí i.

BÙSÚYÌ: Ẹ fi kí ni sí i?

ABIGAIL: Mo ní ọ́ìlì! Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ṣẹ́kù nínú kẹ́ẹ̀gì. Ilẹ̀kùn tó bá ń ké, ṣebí ọ́ìlì là ń fi sí i?

BÙSÚYÌ: Ẹ̀yìn páàdì lẹ fi í sí, àbí ojú ẹ̀?

ABIGAIL: Ojú ni, níbi tó ti ń ké. Mo fi pa dísìkì náà. Kò dún pínpín mọ́.

BÙSÚYÌ: Yéè! Màmá, bíréèkì kì í ṣe ilẹ̀kùn! Ó gbọ́dọ̀ gbá dísìkì mú ni. Tí ọ́ìlì bá ti wọ̀ ọ́, á kàn máa yọ̀. Ọkọ̀ ò ní dúró!

[Ẹ́ńjìnnì ń kùn ní Ibiade.]

BÙSÚYÌ: Ìró kí nìyẹn? Níbo lẹ wà?

ABIGAIL: Nínú ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti jókòó sẹ́yìn. Òní ni iṣẹ́ abẹ ojú wọn n'Ìjẹ̀bú-Igbó, àbí o ti gbàgbé? Oṣù mẹ́rin la fi retí ọjọ́ yìí. Aago mẹ́wàá ni wọ́n dá fún wa.

BÙSÚYÌ: Ẹ pa á!

ABIGAIL: Màá rọra wà á.

BÙSÚYÌ: Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká rọra! Ẹ máa tẹ̀ ẹ́, á ṣì máa lọ! Ẹ wọ táksì.

ABIGAIL: Mo ti wà níta láti aago mẹ́fà, mi ò rí táksì kankan. Ọ̀kadà nìkan ló ń kọjá. Ṣé ọ̀kadà ni kí n gbé arúgbó tí kò ríran lé?

BÙSÚYÌ: Mo bẹ̀ yín, Màmá. Páàdì yẹn ti bàjẹ́, kò ṣeé fọ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Ẹ́ńjìnnì ń kùn.]

BÙSÚYÌ: Ṣé ẹ gbọ́ mi? Màmá! Màmá mi!

[Ẹ́ńjìnnì dákẹ́.]

ABIGAIL: Mo ti pa á.

BÙSÚYÌ: Ẹ ṣé. Ẹ ṣé, mà. Thank God.

ABIGAIL: Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Bùsúyì. Bí mo bá ti pè, ọ̀la ni. Ká ní o wá lẹ́ẹ̀kan péré, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin kì bá tí dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀.

BÙSÚYÌ: Ẹ̀bi mi ni. Ẹ má bínú, mà.

[Ohùn ọkùnrin kan ní Àgọ́-Ìwòyè: «Ọ̀gá, ọkọ̀ mi ńkọ́?»]

ABIGAIL: Ẹ̀gbọ́n mi ń bi mí bóyá a ti gbéra. Kí ni kí n sọ fún wọn?

BÙSÚYÌ: Ẹ sọ fún wọn pé mò ń bọ̀.

ABIGAIL: Mi ò bi ẹ́ bóyá ò ń bọ̀. Aago mélòó lo máa dé?

BÙSÚYÌ: Màmá, tí mo bá—

[Fóònù já.]