Ẹ Sin Èmi Náà ní Gbèsè

Nínú ọkọ̀ tó ń ti Ọjà Igbó lọ sí Ọ̀yọ́, mo ń fọ́mọ lọ́mú, etí mi sì wà lọ́dọ̀ obìnrin méjì tó jókòó tì mí: ọ̀kan ń rán báàgì awọ, ó gbé ọ̀pá tó fi ń rìn lé itan, èkejì, àgbàlagbà, ni alága ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn.

"Màmá, owó ẹ̀rọ tó ń rán awọ ni mo ní kẹ́gbẹ́ yá mi. Ẹ wá gbé ike káàkiri, ẹ dáwó, ẹ ní sàárà ni."

"Àánú ẹ ló ṣe wá, ọmọ mi."

"Mo mọ̀, ẹ ṣé. Àmọ́ sàárà yẹn ò tó ra ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kan ṣoṣo."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Tá a bá yá ẹ, tó ò wá rí i san ńkọ́?"

"Nígbà tí aláṣọ tẹ́gbẹ́ yá lówó ò san tiẹ̀, ṣebí ẹ lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀? Ẹ wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà tèmi náà."

"Kí n máa pariwo lé ẹ lórí?"

"Ẹ pariwo dáadáa, kí àdúgbò lè gbọ́ pé wọ́n yá èmi náà lówó."

Màmá ní, "Mú onídùúró méjì wá sípàdé lọ́jọ́ Sátidé. Tó o bá sì pẹ́ san, màá gbé àga mi wá o."

Mi ò tíì rí ẹni tí wọ́n fi gbèsè sísin halẹ̀ mọ́ tínú ẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.